Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn Kogi: ta ni yóò buwọ́ lu ojú ìwé keje?

Sí Sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú Ìwọ̀ Oòrùn Kogi, àti ẹ̀yin aṣojú-ṣòfin mẹ́ta láti Kabba-Bùnú àti Ìjùmú, láti Yàgbà méjèèjì àti Mọ̀pà-Àmúró, àti láti Lọ́kọ́ja àti Kogi.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, òkun o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mi ò ní fi ìkíni jẹ yín lákòókò, nítorí ohun tó gbé mi dìde kọ̀wé yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní físíìsì ní agbègbè yìí kí n tó fẹ̀yìntì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ọmọ Ìjùmú, kàwé dé ipò olùkọ́ kékeré ní yunifásítì kan. Ẹgbẹ́ olùwádìí kan ní Yúróòpù rí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kó wá bá àwọn ṣe ìwádìí lórí ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí a fi ń pín kọ́kọ́rọ́ àṣírí, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń ti ọ̀rọ̀ pa, láàárín ibi méjì tó jìnnà síra. Quantum ni wọ́n ń pe ìmọ̀ náà, ìmọ̀ nípa ìṣesí àwọn ohun tó kéré jù lọ, bí ẹyọ ìmọ́lẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní àwọn yóò fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí i kó máa lò ó nílé. Fọ́ọ̀mù dé. Ojú ìwé méje ni. Ọmọ náà dáhùn mẹ́fà lálẹ́ ọjọ́ kan. Ti keje, kì í ṣe òun ni wọ́n ń bi, Nàìjíríà ni wọ́n ń bi: ilé iṣẹ́ ìjọba wo ló ń mójú tó irú ẹ̀rọ yìí lọ́dọ̀ yín? Ta ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́ pé kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn? Kí ẹni náà buwọ́ lù ú níbí.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ yìí gba ọ̀nà Ọbájánà bọ́ sí Lọ́kọ́ja, tó sì ti ibẹ̀ wọ Àbújá. Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kọ́, ọ̀rọ̀ físíìsì ni. Èkejì ní ọ̀rọ̀ físíìsì kọ́, ọ̀rọ̀ ààbò ni. Ní ẹ̀kẹta, wọ́n bi í bóyá ohun ìjà ló fẹ́ kó wọ̀lú. Ọ̀gá tó bá ní ọ́fíìsì kẹrin jẹ́ ọmọlúàbí, ó fún un ní àga àti omi, ó wá ní kó lọ mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá láti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fi gbèdéke sí kọjá. Àyè náà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn.

Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì kankan, torí mi ò rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ̀bi. Ẹni tí kò sí ni ó jẹ̀bi: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yẹ kó jẹ́ láti gba fọ́ọ̀mù yẹn kó sì dá a lóhùn. Ẹ̀yin ni mo wá kọ̀wé sí, nítorí pé òfin ni iṣẹ́ yín, àìsí òfin ló sì sé ọ̀nà mọ́ ọmọ yìí. Mo mọ̀ pé quantum kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ tí èèyàn lè pín níwájú kámẹ́rà. Síbẹ̀ ẹ gbọ́ mi tán.

1. Ohun tí à ń sọ gan-an

Tí mo bá kọ 15 sójú pátákó, ọmọ JSS1 á sọ fún mi pé 3 lọ́nà 5 ni. Tí mo bá wá kọ nọ́ńbà tó gùn tó díjíìtì 617, tí mo ní kí wọ́n wá nọ́ńbà méjì tí a sọ di púpọ̀ tó fi bí i, gbogbo kọ̀ǹpútà ayé lè gbé e lé iwájú títí tí gbogbo wa á fi kú. Orí ìṣòro yẹn ni wọ́n gbé àgádágodo tí wọ́n ń pè ní RSA kà, ìyẹn ìlànà ìṣirò tí kọ̀ǹpútà fi ń ti ọ̀rọ̀ pa. Òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí à ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sílé láti orí fóònù láàárọ̀ yìí.

Ní 1994, Peter Shor, ọmọ Amẹ́ríkà, fi ìṣirò hàn pé ẹ̀rọ quantum, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń fi ìmọ̀ quantum ṣírò, tó bá tóbi tó yóò já àgádágodo náà. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò tíì sí nígbà náà. Kò tíì tóbi tó títí di ìsinsìnyí: Willow tí Google gbé jáde ní December 2024, qubit 105, ìyẹn ẹyọ tí ẹ̀rọ quantum fi ń ṣírò, ló ní. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ṣírò ó pé yóò gba 20 mílíọ̀nù qubit kí ẹ̀rọ tó lè já nọ́ńbà oní-díjíìtì 617 yẹn. Ní May 2025, Craig Gidney ti Google, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe ìṣirò ti àkọ́kọ́, tún un ṣírò: qubit tí kò tó mílíọ̀nù kan, iṣẹ́ tí kò ní tó ọ̀sẹ̀ kan. Láàárín ọdún mẹ́fà, ohun tí a nílò dín sí ìdá kan nínú ogún, kò sì sí ẹni tó fi irin kan kún ẹ̀rọ o, ìrònú nìkan ni. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀la ni wọ́n máa já a, irọ́ ló ń pa. Ẹni tó bá ní kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé, ẹ má ṣe gba tirẹ̀ gbọ́ náà.

2. Ìdí tí kò fi yẹ ká dúró

Àwọn kan yóò ní, tí kò bá tíì tóbi tó, kí ló wá kàn wá? Ohun tó kàn wá ni pé olè kò nílò láti ṣí àpótí lónìí.

Ní Bùnú, àwọn ìyá wa mọ bí a ṣe ń pa nǹkan mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí a fi ń yẹ́ àwọn ọlọ́lá sí nígbà ìsìnkú, inú àpótí ló ń gbé láti ìran dé ìran. Bí olè bá gbé àpótí náà lọ lónìí tòun ti àgádágodo ẹnu rẹ̀, ẹ lè máa tu ara yín nínú pé kò tíì fojú kan aṣọ. Àpótí ti wà nílé rẹ̀ ná. Ó kù kó rí alágbẹ̀dẹ tó máa bá a rọ kọ́kọ́rọ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ààbò ń pariwo nìyẹn: àwọn kan ń kó ọ̀rọ̀ títìpa àwọn ẹlòmíràn jọ báyìí, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò tóbi tó.

Ẹ wá bi ara yín léèrè pé kí ló wà nínú àpótí tiwa. Láti 2014 ni BVN ti wà. NIN ti ju mílíọ̀nù 100 èèyàn lọ. Ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì, tó bá bọ́ síta, èèyàn á pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ìka ọwọ́ ńkọ́? Ọjọ́ ìbí ńkọ́? Àmì ìka tí ìyá àgbà Ìyàmoyè fi sílẹ̀ lórí gíláàsì kékeré yẹn, lẹ́yìn tó ti tò láti ààrọ̀, òun náà ló máa gbé wọ sàréè. Ohun tí a kò lè pààrọ̀ láéláé ni a kó jọ jù lọ, a sì fi àgádágodo tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ó lè já lọ́jọ́ kan tì í.

Kí n tó kúrò níbí: ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú àwọn ará Yàgbà ń rí lọ́wọ́ ajínigbé, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń fi oko sílẹ̀. Fóònù ni ọdẹ àti fijilanté fi ń sọ ibi tí wọ́n ti rí ẹsẹ̀ àjèjì nínú igbó. Orúkọ ẹni tó lọ tú àṣírí ọ̀daràn fún agbófinró, kò yẹ kó hàn lónìí, kò sì yẹ kó hàn lẹ́yìn ọdún 15 pẹ̀lú, torí ọmọ ẹni náà yóò ṣì máa gbé abúlé kan náà. Àṣírí mìíràn wà tí ọdún méjì ti tó fún. Tiwa níhìn-ín gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

3. Àwọn tó ti ń pààrọ̀ àgádágodo

Ní 13 August 2024, NIST, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣòdiwọ̀n, gbé àgádágodo tuntun mẹ́ta jáde, FIPS 203, 204 àti 205. Orí ìṣirò mìíràn ni wọ́n gbé wọn kà, èyí tí kò sí ẹni tó tíì mọ bí ẹ̀rọ quantum ṣe lè já a. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni lè lò ó, kò nílò ẹ̀rọ quantum rárá, kọ̀ǹpútà lásán ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Nínú àbá tí NIST kan náà gbé síta lẹ́yìn ìyẹn, 2030 ni wọ́n fẹ́ kí RSA tí a mọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wábi gbà, kó sì di èèwọ̀ pátápátá ní 2035.

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ti sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó kó dátà wa pé kó dáàbò bò ó. Ìbéèrè mi kò ju ọ̀kan lọ. Ọdún wo ni gbèdéke tiwa?

4. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù lọ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òfin ààbò máa ń ti ìlẹ̀kùn ni. Ní ti quantum, òfin ló ń ṣí i.

Ní April 2024, Ìlú Ọba fi òfin sórí kíkó ẹ̀rọ quantum jáde, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ní qubit 34 tó bá péye dé ìwọ̀n kan. Ilẹ̀ mélòó kan ní Yúróòpù àti Kánádà ṣe irú rẹ̀. Ní 6 September 2024, Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀, wọ́n sì kó àwọn fíríìjì tó ń mú ẹ̀rọ náà tutù àti àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́ ọn. Lójú òfin Amẹ́ríkà, bí a bá fi ìmọ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ han àjèjì nínú yàrá ìwádìí, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú kí a di í sínú páálí kí a fi ránṣẹ́ sí ìlú rẹ̀.

Nínú òfin September yẹn, àyè kan wà tí ó yẹ kí ẹ kà fúnra yín. Orílẹ̀-èdè tó bá ti ṣe irú òfin kan náà sílé ara rẹ̀, Amẹ́ríkà lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kí ọjà quantum máa lọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń tọrọ ìwé àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní ẹ̀ṣọ́ nílé, wọ́n á gbà á lálejò. Ẹni tí kò ní, yóò máa dúró lẹ́nu géètì.

Ti àwọn ọmọ tó ń lọ kàwé náà kò yàtọ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ lọ kọ́ físíìsì ní ìpele gíga ní Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní ATAS kó tó gba físà. Láti 2021 wọ́n fi àwọn olùwádìí kún un. Ọmọ Japan, ọmọ Singapore, ọmọ Amẹ́ríkà kò nílò rẹ̀. Mi ò sọ pé ìkórìíra ni. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ohun tí wọ́n bá kọ́ ẹnì kan lè gba ọwọ́ rẹ̀ bọ́ síbi tí wọn kò fẹ́. Ìbéèrè tó wà lójú ìwé keje fọ́ọ̀mù ọmọ Ìjùmú náà nìyẹn, wọ́n kàn gba ọ̀nà mìíràn bi í ni: ta ló dúró lẹ́yìn rẹ?

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ yìí jáde nílé níhòòhò, kì í sì í ṣe pé òtòṣì ni.

5. Kí wọ́n má fà wá ní apá méjì

Ẹ ó gbọ́ pé ká yan ẹni tí a máa wà lẹ́yìn rẹ̀, Amẹ́ríkà tàbí Ṣáínà. Ẹ má tètè dáhùn. Anton Zeilinger, ará Austria, ló kọ́ Pan Jianwei ti Ṣáínà ní iṣẹ́ yìí. Ní 2016, Ṣáínà fi sátẹ́láìtì Micius ránṣẹ́ sójú ọ̀run, nígbà tó sì di 2017, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ fi í so Beijing mọ́ Vienna, tí àwọn èèyàn fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fídíò tí quantum tì pa. Kò pẹ́ púpọ̀, ní 2021 àti 2024, Amẹ́ríkà kó àwọn ilé ìwádìí quantum Ṣáínà sínú ìwé àwọn tí kò gbọdọ̀ rí ọjà rẹ̀ rà láìgbàṣẹ. Àjùmọ̀ṣe tí gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún lánàá lè di ẹ̀sùn lọ́la. Ọmọ wa tó bá wọ inú rẹ̀ láìmọ̀ ni yóò fara gbá a, torí kò sí ẹni tó sọ fún un kó tó buwọ́ lùwé.

Gúúsù Áfíríkà kò jókòó kí wọ́n máa bẹ̀rù. Láti 2019 ni yunifásítì Wits ti ń lo ẹ̀rọ quantum IBM ti Amẹ́ríkà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Yunifásítì Stellenbosch, ní orílẹ̀-èdè kan náà, bá àwọn ará Ṣáínà lo sátẹ́láìtì kékeré kan láti pín kọ́kọ́rọ́ àṣírí láàárín ibi méjì tó jìnnà síra ní kìlómítà 12,900, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2025. Ọwọ́ kan lọ́dọ̀ ẹni yìí, ọwọ́ kejì lọ́dọ̀ ẹni yẹn. Ohun tó sì ń tì wọ́n lẹ́yìn ni pé ètò orílẹ̀-èdè wà nílẹ̀ fún quantum lọ́dọ̀ wọn láti 2021. Kí n má gbàgbé Gánà, aládùúgbò wa: àwọn ló gbé àbá dé iwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí wọ́n fi ya 2025 sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọdún quantum.

6. Ohun tí mi ò béèrè

Mi ò béèrè pé kí ẹ kọ́ ẹ̀rọ quantum sí Kabba. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ náà ń fẹ́ òtútù tó súnmọ́ ìwọ̀n 273 sísàlẹ̀ òdo, láìdáwọ́ dúró, àwa tí omi inú fíríìjì wa kì í dì dalẹ́!

Mi ò sì béèrè òfin tí yóò máa kó olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́wọ̀n. A ti rí bí wọ́n ṣe ń fi Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ẹ̀rọ ti 2015 mú akọ̀ròyìn, kí wọ́n tó wá tún apá kan rẹ̀ ṣe ní 2024. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìwé tí gbogbo ayé lè kà, kí òfin má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ, ẹ̀yà ẹ̀rọ, àti àdéhùn pẹ̀lú àwọn àjèjì ni kó mójú tó.

7. Ohun tí mo ń béèrè

Kí ẹ pe ìjókòó ìtagbangba l'Ábújá lórí ọ̀rọ̀ yìí kí sáà yín tó parí, kí ẹ sì bi àwọn tó ń tọ́jú NIN àti BVN ní gbangba: irú àgádágodo wo ló wà lẹ́nu àpótí yín, níbo ló wà, ọjọ́ wo lẹ máa pààrọ̀ rẹ̀? Wọ́n lè ní àṣírí ààbò ni. Orúkọ àgádágodo kì í ṣe àṣírí, kọ́kọ́rọ́ ni àṣírí.

Kí ẹ ṣe òfin tí yóò yan ọ́fíìsì kan ṣoṣo, kó má jẹ́ mẹ́rin, tí yóò máa gba ìwé ìwádìí àjùmọ̀ṣe lórí irú ìmọ̀ yìí, tí yóò yẹ ẹni tó wà ní òdì kejì wò, tí yóò sì fèsì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé láìsí èsì, kí ọ̀gá ọ́fíìsì náà fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì sí mi ju ti òkè lọ.

Kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ọmọ tó ń gbé Ẹgbẹ̀ tàbí Ìsánlú lè pè lórí fóònù. Ẹni tó ń gbé Àbújá nìkan ló lè rìn dé ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mẹrin láìná owó oṣù rẹ̀ tán.

Kí díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ àgbègbè yín bọ́ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Láti 2016 ni IBM ti ṣí ẹ̀rọ quantum sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbìyànjú lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mẹ́wàá, iná sólà àti íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, méjèèje, owó rẹ̀ kò tó ti ọ̀kadà tí wọ́n ń pín nígbà ìbò. Èmi á wá kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi.

Ọmọ Ìjùmú náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ ọ̀hún mọ́. Àwọn ará Yúróòpù kọ̀wé sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àyè mìíràn yóò ṣí lọ́dún tó ń bọ̀, fọ́ọ̀mù kan náà ni. Ó kó gbogbo ìwé náà wá fún mi kí n bá a tọ́jú rẹ̀. Mẹ́fà ti kún. Keje wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ fún orúkọ òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà ṣì ṣófo.

Èmi ni,
Olùkọ́ físíìsì tó ti fẹ̀yìntì,
Kabba.